Ta Ló Rán Gbajúmọ̀ Níṣẹ́?

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ọba kì í pọkọrin. Ọ̀rọ̀ àgbà yìí ti pẹ́ ju ìjọba èyíkéyìí tí ó wà lórí ilẹ̀ wa lónìí lọ, ṣùgbọ́n a kì í sábà bi ara wa léèrè ìdí tí ọba kò fi ń pa á. Ṣé nítorí pé ohùn ọ̀kọrin dùn ni? Àbí nítorí pé gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀? Èrò tiwa ni pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé àríyànjiyàn kan ti wọ àárín ẹgbẹ́ wa, kò sì yẹ kí a dákẹ́ lé e lórí.

Ní ìpàdé tí a ṣe kẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ wa dá ìmọ̀ràn kan. Wọ́n ní ìwé ẹ̀bẹ̀ tí a kọ lórí ọ̀nà tí ó bàjẹ́, lórí ilẹ̀ oko tí wọ́n ń tà mọ́ àwọn àgbẹ̀ lórí, àti lórí èdè wa ní ilé-ẹ̀kọ́, kò ní èsì. Nítorí náà, kí a lọ bẹ gbajúmọ̀ olórin kan kí ó ṣe agbẹnusọ wa. Ẹnì kan nínú wọn sọ pé: “Bí òun bá la ẹnu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni yóò gbọ́. Bí àwa bá pariwo fún ọdún mẹ́wàá, àwa nìkan náà ni a ó máa gbọ́ ara wa.” Àwọn àgbà kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní: “Olórin! Kí ni olórin mọ̀ nípa ìṣèlú? Kí ó máa kọrin rẹ̀, kí a máa jó o.” Ìpàdé tú ká láìsí ìpinnu.

Àwa kò fara mọ́ ìhà kankan nínú méjèèjì. Àwọn àgbà tí ó rẹ́rìn-ín ti gbàgbé ohun tí orin jẹ́ ní ilẹ̀ Kétu. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó dá ìmọ̀ràn náà sì fẹ́ gbé ẹrù ìlú lé orí ẹni tí ìlú kò rán níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, nítorí pé bí ọ̀dọ́ bá tẹ̀lé ohùn kan jáde sí ìgboro, ara ọ̀dọ́ náà ni kóńdó ń bà, òun ni wọ́n ń tì mọ́lé, ìyá rẹ̀ ni ó sì ń gbé abọ́ oúnjẹ lọ sí ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ó yẹ kí a mọ ẹni tí à ń tẹ̀lé, kí a sì mọ ìdí tí a fi ń tẹ̀lé e.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: òkìkí kì í ṣe àṣẹ. Gbajúmọ̀ lè jẹ́ ohùn tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún ìyípadà láti gbòǹgbò, ṣùgbọ́n kì í ṣe òkìkí rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ohun tí yóò sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n rán an níṣẹ́, tí wọ́n lè bá a wí, tí wọ́n sì lè gba iṣẹ́ náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbà ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Bí a kò bá mọ ẹni tí ó rán gbajúmọ̀, a kò lè mọ ẹni tí ó ń bẹ̀rù.

Kí a tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí à ń pè ní ìyípadà láti gbòǹgbò. Kì í ṣe kí a gbé ẹnì kan kúrò lórí àga kí ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀. A ti rí èyí nígbà púpọ̀: igi kan náà ni, ẹyẹ tí ó bà lé e ni ó yàtọ̀. Ìyípadà láti gbòǹgbò ń béèrè ẹni tí ó ni ilẹ̀, ẹni tí ó ń pinnu ibi tí owó orí ń lọ, èdè tí adájọ́ fi ń bá ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀ sọ̀rọ̀, àti ọmọ ẹni tí ó ń dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ máa ń gba ọdún púpọ̀, ó sì máa ń bí àwọn alágbára nínú. Òkìkí ní tirẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó ṣá, ó sì ń fẹ́ kí tọ̀tún-tòsì fẹ́ràn ẹni tí ó ni ín. Ìdí nìyí tí àwọn méjèèjì kì í fi í bára gbé pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ọdún 2001, UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò jọ ni, mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ńláńlá tí ó jẹ́ ti gbogbo aráyé. Inú wa dùn, a sì ṣe àríyá. Ṣùgbọ́n ijó ọ̀sán àti igi tí a gbẹ́ ni ọ̀pọ̀ àlejò ń yà ní fọ́tò. Òru Ẹ̀fẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìṣèlú wà. Ní òru, ní àárín ọjà, ọ̀kọrin Ẹ̀fẹ̀ á jáde pẹ̀lú ìbòjú. Á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa, á júbà àwọn àgbà, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa fi orin tú ohun tí ó bàjẹ́ síta: olóyè tí ó ta ilẹ̀ ẹbí, oníṣòwò tí òṣùwọ̀n rẹ̀ kò pé, aláṣẹ tí ó gba owó kànga tí a kò sì rí kànga. Ẹni tí orin bá bá wí á fi orí balẹ̀, á gbọ́ ọ. Kò jẹ́ gbé ìjà ko ẹni tí ó kọ ọ́.

Kí ni ó fún ọ̀kọrin yìí ní ẹnu? Lóòótọ́, ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dùn, ìlú sì sábà máa ń mọ ẹni tí ó wà lábẹ́ ìbòjú. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ró. Ìkíní, wọ́n rán an: ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ìyá àgbà kan jẹ́ olórí rẹ̀, ni ó gbé e jáde, ohun tí ìlú ń sọ lábẹ́lẹ̀ ni ó sì ń sọ ní gbangba. Ìkejì, àárín wa ni ó ń gbé: nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, á gbé ọkọ́ rẹ̀, á lọ sí oko, ẹni tí ó bá wí lánàá ni yóò sì pàdé lójú ọ̀nà. Ìkẹta, ó ń bọ́ ìbòjú: àṣẹ tí ó ní lóru kò bá a dé inú yàrá rẹ̀. A kò tíì gbọ́ pé ọ̀kọrin Ẹ̀fẹ̀ sọ pé nítorí tí òun kọrin dáadáa, kí wọ́n wá fi òun jọba. Èyí ni ìdí tí ọba kì í fi í pọkọrin. Bí ó bá gbé ọwọ́ lé e, gbogbo ìlú tí ó rán an níṣẹ́ ni ó gbé ọwọ́ lé.

Ẹ wá fi gbajúmọ̀ òde òní wé e. Ta ni ó rán an? Àwọn tí ó ń ra orin rẹ̀ kò rán an, wọ́n kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Àwọn tí ó bá a dá májẹ̀mú, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta ọtí tàbí èyí tí ó ń ta káàdì fóònù, ni ó lè pè é jókòó kí wọ́n bi í ní ohun tí ó sọ. Gbogbo wa ni a sì ti rí i ní àkókò ìbò: olórin tí ó kọrin fún olùdíje kan ní ọdún yìí á kọrin fún ọ̀tá olùdíje náà nígbà mìíràn, ìlù kan náà, orúkọ nìkan ni ó yí padà. A kò sọ pé ènìyàn burúkú ni. Ẹni tí ó ní ọmọ láti bọ́ ni. Ohun tí à ń sọ ni pé bí ó bá ṣì wá lọ́nà, kò sí ibi tí a ti lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ìtàn orílẹ̀-èdè wa fi èyí hàn kedere. Lẹ́yìn tí Mathieu Kérékou gba ìjọba ní ọdún 1972, tí ó sì kéde ètò ìjọba Marx àti Lenin ní ọdún 1974, ọ̀rọ̀ ìyípadà kún ẹnu gbogbo ènìyàn. Ó wà lórí rédíò, ó wà nínú orin àwọn ẹgbẹ́ olórin, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń fi í kí ara wọn láàárọ̀. Bí orin ìyípadà bá lè mú ìyípadà wá, ilẹ̀ wa ìbá ti yí padà ní ìgbà mẹ́wàá. Angélique Kidjo, tí a bí ní Ouidah ní ọdún 1960, tí ó sì ti fi èdè Yorùbá kọrin fún gbogbo ayé gbọ́, kúrò nílé lọ sí Parí ní ọdún 1983. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé ní gbangba pé ìjọba ń fẹ́ kí àwọn olórin máa kọrin fún òun. Ẹ kíyè sí i: àwọn alágbára mọ iyì òkìkí ju àwa lọ. Kí ọ̀dọ́ wa tó ronú pé kí a fi gbajúmọ̀ ṣe agbẹnusọ, ìjọba ti ń fi wọ́n ṣe é.

Ta ni ó wá mú ìyípadà ọdún 1990 wá? Àwọn olùkọ́ tí a kò san owó oṣù wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí owó ìrànwọ́ gbà ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1989, tí wọ́n jókòó sílé láìmọ ohun tí ọmọ wọn yóò jẹ lọ́la, ni. Nígbà tí Àpérò Gbogbogbòò bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 1990, lábẹ́ àkóso Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza, àwọn aṣojú tí ó jókòó níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ àgbẹ̀, àwọn ẹlẹ́sìn, àwọn òṣèlú àti àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun ni wọ́n ṣojú fún. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni wọ́n fi jókòó, nígbà tí yóò sì fi di ọjọ́ 28, wọ́n ti kéde pé ìpinnu àpérò náà ni ó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè, wọ́n sì ti yan Nicéphore Soglo sí ipò olórí ìjọba fún ìgbà ìyípadà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣojú náà ni a kò lè dárúkọ wọn lónìí. Wọn kò ní òkìkí. Ohun tí wọ́n ní ni ẹni tí ó rán wọn, tí ó sì ń dúró dè wọ́n nílé láti gbọ́ bí wọ́n ti jẹ́ iṣẹ́ náà.

A mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé: “Fẹlá ńkọ́?” Ìbéèrè gidi ni. Kò sí olórin kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó san owó ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tó Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé rẹ̀ ní Èkó, wọ́n lù ú, wọ́n lu àwọn ẹbí àti àwọn olórin rẹ̀, wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé, wọ́n sì dáná sun ilé náà. Ìyá náà kú ní ọdún 1978. Fẹlá kò sá, kò sì dákẹ́. Ó gbé pósí lọ sí iwájú bárékè tí olórí ìjọba ń gbé. Bí a bá ń wá gbajúmọ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé gbà gbọ́, òun nìyẹn, nítorí pé àárín àwọn tí ó ń kọrin nípa wọn ni ó ń gbé, ohun tí ó sì bá wọn bá a.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ dé ìdí. Nígbà tí Fẹlá dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ fún ìbò ọdún 1979, wọn kò fọwọ́ sí i. Àwọn tí ó mọ orin rẹ̀ lórí pọ̀ jù lọ, àwọn tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ kan pẹ̀lú rẹ̀, tí wọ́n lè bá a jiyàn kí wọ́n sì borí rẹ̀, kò tó nǹkan. Orin rẹ̀ la ojú wa. Ṣùgbọ́n ojú tí ó là kò tíì di ọwọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ fi èyí wé iṣẹ́ ìyá rẹ̀. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kì í ṣe gbajúmọ̀ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ni. Ó ń kọ́ àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta ní ìwé kíkà, inú ẹ̀kọ́ yẹn ni ó sì ti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn: owó orí tí a ń gbà lọ́wọ́ wọn, ìrẹsì tí a ń fipá gbà, ìtìjú tí àwọn agbowó orí ń fi kàn wọ́n. Láti ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta ti dìde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin jókòó sí iwájú ààfin, wọ́n kọrin, wọ́n kò lọ sílé, wọ́n kọ̀ láti san owó náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀, ó sì jáde kúrò ní ìlú fún ìgbà kan. Òkìkí ìyá náà kàn lẹ́yìn èyí, ó sì dé ilẹ̀ òkèèrè. Iṣẹ́ ni ó ṣáájú, òkìkí tẹ̀lé e. Àwọn obìnrin ọjà ni ó rán an, ó sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ni òun yóò padà sí láti wá jábọ̀.

Hubert Ògúǹdé náà kọ́ wa ní nǹkan kan. Nígbà tí ó gbé eré Yorùbá Ronú jáde ní ọdún 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀, òfin náà kò sì kúrò títí di ọdún 1966. Ẹ rántí pé láti ìlú dé ìlú ni Ògúǹdé ń gbé eré kiri. Owó tíkẹ́ẹ̀tì àwọn mẹ̀kúnnù ni ó ń jẹ. Ẹni tí ó fòfin dè é, oúnjẹ ẹnu rẹ̀ ni ó gbà. Ṣùgbọ́n nítorí pé lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù ni oúnjẹ náà ti ń wá, àwọn mẹ̀kúnnù ni ó bẹ̀rù láti jà ní olè, kì í ṣe ìjọba. Ibi tí oúnjẹ ènìyàn ti ń wá kì í jìnnà sí ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ.

Àwọn kan tún lè sọ pé ayé àtijọ́ ni gbogbo èyí. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a wo àyíká wa lónìí. Ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ní oṣù kìíní ọdún 2011, àwọn olórin ráàpù kan àti àwọn oníròyìn dá ẹgbẹ́ Y'en a marre sílẹ̀. Ní Bùrùkínà Fásò, ní ọdún 2013, olórin méjì, Smockey àti Sams'K Le Jah, wà lára àwọn tí ó dá Balai citoyen sílẹ̀, ìyẹn ìgbálẹ̀ ará ìlú. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2014, Blaise Compaoré, tí ó ti lo ọdún 27 lórí oyè, sá kúrò ní ìlú. Gbajúmọ̀ ni àwọn olórin wọ̀nyí, a kò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n dá ẹgbẹ́ kéékèèké sílẹ̀ ní àdúgbò, níbi tí ẹni tí kò mọ orin kankan ti lè sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì gbọ́ ọ. Wọ́n fi òkìkí wọn ṣe okùn tí a fi di ìgbálẹ̀. Okùn kì í gbálẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí ó pọ̀ ni ó ń gbálẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun kan sì fẹ́ gba ìjọba padà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, wọ́n kọlu ilé tí Smockey ti ń gbohùn orin sílẹ̀. Òun náà san nínú owó náà.

Ní Làìbéríà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. George Weah ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba Ballon d'Or, ní ọdún 1995. Àwọn ọmọ tálákà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé láti àdúgbò tálákà ni ó ti wá. Wọ́n dìbò fún un, ó sì di ààrẹ ní oṣù kìíní ọdún 2018. Ilé-ẹjọ́ tí àjọ òtítọ́ ti dámọ̀ràn láti ọdún 2009 fún àwọn tí ó hu ìwà ọ̀daràn nígbà ogun, kò dá a sílẹ̀ ní gbogbo ọdún tí ó fi wà lórí oyè. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, àwọn ará Monrovia tú jáde nítorí ọ̀wọ́n gógó. Ní ọdún 2023, wọ́n fi ìbò lé e kúrò, ó sì gba ìpinnu wọn pẹ̀lú àlàáfíà. A yìn ín fún èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé e dé orí àga ni ìfẹ́ tí a ní sí i. Ìfẹ́ kì í sì í kọ àdéhùn sílẹ̀.

Ìhà kejì ọ̀rọ̀ náà tún wà, ó sì kan àwọn ará wa ní Tógò gan-an. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2025, wọ́n mú akọrin Aamron ní Lomé, ẹni tí ó ti ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba, tí ó sì ti pe àwọn ènìyàn láti jáde. Lẹ́yìn náà ni fídíò kan jáde níbi tí ó ti ń tọrọ àforíjì. A kò dá a lẹ́bi. Ẹni tí ó wà ní àhámọ́ kò ní ẹnu. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé bí gbogbo ọ̀rọ̀ ìlú bá rọ̀ mọ́ ẹnu kan ṣoṣo, àwọn alágbára kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe: ẹnu kan náà ni wọn yóò dí. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ Lomé kò dúró dè é. Wọ́n jáde ní oṣù kẹfà, nítorí pé ìyà tí ó ń jẹ wọ́n kì í ṣe ìyà tí olórin kọ́ wọn.

Ní Èkó pẹ̀lú, ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn olórin bíi Falz àti Runtown jáde pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ láti tako ìwà ìkà àwọn ọlọ́pàá SARS. Òkìkí wọn wúlò. Ó mú kí ohùn náà dé ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tí ó wà níbẹ̀ ní ohun tí ó gbé wọn ró láti ọjọ́ dé ọjọ́. Wọn yóò sọ fún yín pé àwọn tí ó ń pín oúnjẹ ni, àwọn agbẹjọ́rò tí ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lóru ni, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ó kó owó jọ tí wọ́n sì ń ṣe ìṣirò rẹ̀ ní gbangba ni. Nígbà tí ìbọn dún ní Lẹ́kí ní ọjọ́ 20 oṣù náà, kò bi ẹnikẹ́ni bí ó bá jẹ́ gbajúmọ̀ tàbí mẹ̀kúnnù.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà wa, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín sí olórin. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní òru Ẹ̀fẹ̀ nígbà èwe yín, tí ẹ rí i bí olóyè ńlá ṣe tẹrí ba fún orin, ẹ kò lè wá sọ lónìí pé ọ̀rọ̀ ìlú kò kan olórin. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa sì ni a fẹ́ bẹ̀: ẹ má ṣe wá ẹni tí yóò bá yín sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín kò tíì jókòó papọ̀ láti mọ̀. Bí gbajúmọ̀ náà bá dé lọ́la, kí ni ẹ óò ní kí ó sọ? Ta ni ó jókòó pẹ̀lú àgbẹ̀ Kétu tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú obìnrin Ṣábẹ̀ẹ́ tí ó ń ru ẹrù lọ sí ọjà ní ọ̀nà tí kò ṣeé gbà, pẹ̀lú ọlọ́kadà Àjàṣẹ́ tí ó ń san owó fún ọlọ́pàá láràárọ̀? Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí a kọ, èèyàn márùn-ún péré ni ó kọ ọ́, nínú yàrá kan, ní èdè Faransé. A kò tíì kà á ní Yorùbá sí etí àwọn tí a kọ ọ́ fún. Ṣé aláṣẹ ni kò gbọ́ wa ni, tàbí àwa ni a kò tíì ní ohùn?

Ẹgbẹ́ wa náà jẹ̀bi, ó sì yẹ kí a jẹ́wọ́. Ní ọdún àjọ̀dún wa kan, a tẹ́ àga onítìmùtìmù sílẹ̀ ní abẹ́ àgọ́ fún olórin kan tí ó ti Kútọnu wá. A san owó rẹ̀, a san owó ọkọ̀ rẹ̀, ó kọ orin méjì, ó sì lọ. Àwọn ọ̀kọrin Ẹ̀fẹ̀ tí ó wá láti abúlé jókòó sí orí bẹ́ńṣì nínú oòrùn, a kò sì rántí owó ọkọ̀ wọn títí di ìrọ̀lẹ́. Fọ́tò olórin náà ni a fi sí iwájú ìwé ìròyìn yìí. Bí àwa tí à ń pe ara wa ní olùtọ́jú àṣà bá lè ṣe báyìí, a kò lẹ́nu láti bá ọ̀dọ́ wí pé ó ń sá tẹ̀lé òkìkí. Àwa ni a kọ́ ọ.

Ìmọ̀ràn wa sí ìpàdé tí ń bọ̀ rèé. Kí a pe àpérò ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Pọ́bẹ̀, ní Ìdàáṣà, ní Àjàṣẹ́, àti láàárín àwọn ará wa ní Àtàkpàmẹ̀, kí gbogbo ènìyàn sọ ohun tí ó ń dùn wọ́n ní èdè tí wọ́n fi ń lá àlá. Kí a yan àwọn tí yóò gbé e lọ síwájú aláṣẹ, kí a sì dá ọjọ́ tí wọn yóò wá jábọ̀. Lẹ́yìn èyí, bí gbajúmọ̀ kan bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, kí a gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni ó rán ọ? Kí ni ìwọ yóò pàdánù bí ọ̀rọ̀ yìí bá bí aláṣẹ nínú? Níbo ni a óò ti rí ọ ní ọjọ́ kejì? Ẹni tí ó bá lè dáhùn, kí ó wá jókòó láàárín wa lórí bẹ́ńṣì, kí ó gbọ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kí ó kọrin fún wa, kí a jó, kí a san owó rẹ̀, kí a sì dágbére fún un láìsí ìjà.

Àwọn alágbára òde òní ti ń pa ọ̀kọrin, wọ́n ń tì í mọ́lé, wọ́n sì ń rà á. Ohun tí ó ń dáàbò bo ọ̀kọrin Ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe ìbòjú, igi lásán ni ìbòjú. Àwọn tí ó jókòó yí i ká nínú òkùnkùn, tí wọ́n ń gbe orin náà, ni ó ń dáàbò bò ó. Bí àwa bá dìde kúrò níbẹ̀, tí a fi òun nìkan sílẹ̀ ní àárín ọjà, kò sí òkìkí tí ó lè gbà á là, kò sì sí orin tí ó lè gba àwa náà là.